Ọjọ́ Tí Ìyá Àgbà Da Omi Tanwíjí Nù

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Ẹtì tí èmi wolé-wolé mú kí òpópónà kan ní Oǹdó da gbogbo omi tí ẹ̀fọn ń yé sí nù, nígbà tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ń jà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀.

Ìyá àgbà kan ni gbogbo ará òpópónà náà ń wò. Bí kò bá da omi òjò rẹ̀ nù, ẹnikẹ́ni kò ní í da tirẹ̀.

“Ìyá, tanwíjí kún ìkòkò yín.”

“Ṣé ó bù ọ́ jẹ ni?”

“Yóò di ẹ̀fọn, yóò sì bu ọmọọmọ yín jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dà á nù!”

Ó gbé ìkòkò náà, ó da omi inú rẹ̀ sí ara aṣọ iṣẹ́ kakí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ wọ̀. “O kò kúkú sọ ibi tí n ó dà á sí.”

Mo gbọn omi náà kúrò lára. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì da tiwọn nù.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo fa ìṣọ́ òpópónà náà lé Ìyá lọ́wọ́, kó máa rí i pé ẹnikẹ́ni kò tún fi omi tanwíjí pamọ́.