Búlúù Tí Má-Fọwọ́-Kàn-Án Kò Rí

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì kúrò lójú ọ̀tún bàbá náà, aṣọ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Búlúù ni, ó mọ́, ó sì ń dán.

"Ẹ pààrọ̀ aṣọ ni?" ló bi í.

"Rárá o, bàbá. Irú èyí náà ni mo wọ̀ lánàá."

Lánàá, àwọ̀ eérú ni bàbá rí i. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, dókítà ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀rù ti ki ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ lórí àga. Àwòrán tuntun mọ́kàndínlógún tó yà ti wà lára ògiri gbọ̀ngàn àfihàn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún aráyé.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni wọ́n ń pe bàbá náà nígboro, nítorí ariwo tó máa ń pa mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ àwòrán tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Kì í ya èèyàn kó jọ èèyàn. Àwọ̀ ni yóò kó ti àwọ̀, tí wọn yóò máa bára wọn fà á. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dàgbà, wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọdún mọ́kànlá tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò pàtẹ nǹkan kan. Ìyàwó yẹn ló máa ń kọ́kọ́ wo àwòrán tó bá yà, tí yóò ní, "Èyí ṣe," tàbí "Èyí ò ṣe," tí yóò sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́ta ni ojú ti ń ṣú fún un, kò sì sọ. Ta ni yóò gbọ́ pé ayàwòrán ò ríran mọ́? Orúkọ ara túùbù ló fi ń mọ ọ̀dà; ṣùgbọ́n orúkọ ara ọ̀pọ̀ wọn ti pa rẹ́, ló bá ń díwọ̀n wọn. Ọjọ́ tó forí gbá ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní awọ ló bo ojú méjèèjì, pé òun yóò fi iṣẹ́ abẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gbé mi lọ sí gbọ̀ngàn," ló wí nínú mọ́tò bí wọ́n ṣe kúrò nílé ìwòsàn.

"Bàbá mi, wọ́n ní kẹ́ ẹ sinmi."

"Mo ní gbé mi lọ!"

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó dúró bí ọmọ tí ọ̀gá ilé-ìwé ránṣẹ́ pè. Ó wọlé. Ohun tó fi ọdún mẹ́ta yà ní eérú, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ilé ṣe rí lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, búlúù ni, búlúù tó ń ké tantan láti ògiri dé ògiri. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ọmọ rẹ̀ wò ó lójú. "Kí n sọ kí ni? Ṣé èmi ni màá wá kọ́ yín ní àwọ̀? Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ ni."

Bàbá kọjú sí obìnrin tó ni gbọ̀ngàn, tó ti fìgbà kan jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. "Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á ní arúgbó ti ń ṣarán."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Tó bá dìrọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ ṣì ní ká sọ̀ ọ́, èmi fúnra mi ni màá gun àkàbà."

Wọ́n fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi ti òsì tí wọn kò tíì ṣe wò ó: àwòrán rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó bo ti òsì: iṣẹ́ àjèjì. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Níwájú èyí tó tóbi jù, ẹ̀rù bà á débi pé ó di ògiri mú, nítorí kò mọ èwo nínú méjèèjì lòun yà.

Méjì ló rí tí kò dára lójú ọ̀tún, tí kò sì dára lójú òsì. Ó ní kí wọ́n sọ ìyẹn kalẹ̀. Ó fi mẹ́tàdínlógún sílẹ̀, kì í ṣe pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ àfihàn, èrò kún. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀, ó dìde.

"Ojú tí mo fi ya nǹkan wọ̀nyí kọ́ ni mo fi ń wò wọ́n lónìí," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé búlúù ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ẹnì kan rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Agbẹ́gilére kan wà níbẹ̀, tí òun àti bàbá jọ kọ́ṣẹ́, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ. Ó ti dúró pẹ́ níwájú àwòrán ńlá yẹn. Bàbá rọra lọ bá a.

"Kò dára," ni agbẹ́gilére wí.

Ó dà bí ẹni da omi tútù sí bàbá lára.

"Kò dára, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kúrò níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà. Kí lo ṣe sí i?"

"Mi ò mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tó o mọ̀ ọ́n, ṣe lo máa ń sú mi."

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe ojú kejì. Eérú lọ pátápátá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá fi jókòó níwájú kánfáàsì tó fẹ́ yàwòrán sí, tí kò ní nǹkan kan lára, tí búrọ́ọ̀ṣì gbẹ sí i lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Gbé àga wá síbí. Ṣáà jókòó tì mí."

Ọmọ jókòó. Ẹ̀rù ṣì ń ba bàbá, ṣùgbọ́n ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.