Orin Tí Kò Kí Ẹnikẹ́ni

Mo rántí bí pálọ̀ Alága wa ní Tanke ṣe máa ń rí lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìjọba ṣì wà lọ́wọ́ àwọn sójà: ilẹ̀kùn títì, kọ́tìnì sísọ sílẹ̀, ooru bí inú ààrò, ọkùnrin mẹ́ta tó ti kúrò lọ́mọdé sì jókòó síbẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń gbọ́ orin rọ́ọ̀kì. Kì í ṣe rọ́ọ̀kì tí àwọn ọmọ fásitì fi ń jó o. Tiwa ni èyí tí Alága ń pè ní rọ́ọ̀kì onítẹ̀síwájú, tí orin kan ṣoṣo máa ń gba ojú àwo kan tán, tí yóò rìn fún ogún ìṣẹ́jú gbáko kó tó dé ibi tó ń lọ, tí ìwọ tó ń gbọ́ ọ kò sì ní mọ̀ pé ó ti dé.

Olùkọ́ fásitì ni Alága, torí pé òun ló ni ilé àti àwo la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀; ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìlú Òyìnbó ló sì ti kó àwọn àwo náà bọ̀ nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó mọ́tò àti fìríìjì bọ̀. Òun kó àpótí àwo mẹ́ta. Ẹnì kejì ni télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí Post Office. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì kò ṣi ìlù gbá rí, bó ti wù kí orin náà yí padà tó. Èmi ni ìkẹta, olùkọ́ girama, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kò tíì láya. Orin òkun àti òkè oníyìnyín ló pọ̀ jù nínú àwo wa; odò Asà ni omi tó tóbi jù tí èmi àti télọ̀ mọ̀, síbẹ̀ omijé a máa bọ́ lójú wa. Kásẹ́ẹ̀tì ti gba ìgboro nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Inú wa dùn sí i. A gbà pé àwọn ni etí wọn kò tíì là.

Òfin kan ṣoṣo ni a ní, èmi ni mo sì ṣe é. Télọ̀ fẹ́ràn kó máa béèrè ohun tí olórin sọ lágbedeméjì orin, ni mo bá mú páálí, mo fi bírò pupa kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: bí abẹ́rẹ́ bá ti kan àwo, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ kí èèyàn, kò sì gbọdọ̀ dáhùn ìkíni, títí ojú àwo yóò fi tán. Ẹni tó bá rú u yóò fi ọjọ́ Àìkú méjì jókòó sílé. Alága ní òfin náà fi hàn pé mo lajú. Mo gbà á gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan ni mò ń fẹ́ lásìkò náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo ti sọ fún un pé, lọ́jọ́ iwájú, ó lè máa bá wa gbọ́ orin. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Malete, àgbà mùsùlùmí tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ní òun yóò wá wo ọkùnrin náà fúnra òun, òun kò sì ní dá ọjọ́, torí ẹni tó bá gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ ló ń gbálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ló wá. Àwọn ará ilé mi júwe ilé Alága fún un. Orin ti rìn dé ibi tó rọ̀ jù lọ, ibi tí fèrè kan ṣoṣo ti ń dún, ni a gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà: "Sàlámù àlékúmù." Télọ̀ la ẹnu. Mo nawọ́ sí páálí ara ògiri, ó pa á dé. Ohùn náà tún kí wa. Alága fajú ro, kò lajú. Ìgbà kẹta, ẹni náà rọra sọ ọ́. Èmi tí mo kéwú nígbà èwe mọ̀ pé dandan ni kéèyàn dá sàlámà lóhùn. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn kò dá a lóhùn, ṣe ló yẹ kó padà. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kó tètè padà, kí n lè gbọ́ fèrè.

Nígbà tí àwo tán tí a jáde, ìyá oníwàrà tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ti kó iṣu ńláńlá márùn-ún jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá rẹ̀.

"Bàbá kan ló gbé e wá láti ọ̀nà Malete," ó ní. "Ó ní kí n máa jẹ ẹ́. Ó ní ilé tí òun gbé e wá, kò séèyàn níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ẹni tó ń kí wa. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá nọ́ọ̀sì níbi iṣẹ́ rẹ̀; kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá mi ní ọ̀rọ̀ yẹn ti tán," ó sì wọ yàrá àwọn aláìsàn lọ. Ìyá mi sunkún. Èmi náà sunkún, kì í sì í ṣe nítorí orin lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bírò pupa náà ṣì wà lápò mi.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bẹ̀bẹ̀ lábúlé. Alága gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì dání, pẹ̀lú àwo ọ̀ún gan-an. Èrò rẹ̀ ni pé bí bàbá bá gbọ́ ohun tí a ń gbọ́, yóò rí i pé ẹ̀bi wa kò pọ̀. Báyìí ni ìwé àpọ̀jù ṣe ń ṣe èèyàn.

A bá bàbá lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fa tẹ̀súbáà. A ṣe sàlámà, a lóṣòó sínú oòrùn. Kò dáhùn. Ó fa tẹ̀súbáà yí ká, ó tún fà á yí ká. Orúnkún Alága ń dún. Èmi ń fojú bù ú pé ó ti tó ojú àwo kan. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dá wa lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ká bọ́ sábẹ́ ibòòji. Alága ṣàlàyé títí. Bàbá ní, "Ẹ gbé e sí i, kí n gbọ́."

Ó gbọ́ ọ tán. Fún ogún ìṣẹ́jú, kò mira.

"Ta ni wọ́n ń kí nínú ẹ̀?"

"Wọn ò kí ẹnikẹ́ni, Bàbá," Alága ní.

"Gbogbo bó ti gùn tó yẹn? Wọn ò kí onílé, wọn ò kí àlejò?"

"Rárá, Bàbá."

"Háà. Ó ti yé mi. Ibẹ̀ lẹ ti kọ́ ọ."

Télọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, bàbá náà sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí mi. Ó ní làákàyè mi kéré, ṣùgbọ́n mo wá, mo sì ní sùúrù nínú oòrùn. Òun yóò fún mi lọ́mọ òun. "Àmọ́ ohun tí mo máa sọ fún un rèé: bó bá kí ọ lẹ́ẹ̀mẹta tí o ò dáhùn, kó máa bọ̀ nílé."

Alága ti dolóògbé báyìí, àwọn àwo rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Èmi àti télọ̀ ṣì ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ṣi ìlù gbá. Mo fẹ́ràn orin yẹn ju ti àtijọ́ lọ, n kò sì tijú láti sọ ọ́. Páálí kò sí lára ògiri mọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti mọ orin náà jù wá lọ. Yóò dúró ní kọ́rídọ̀ títí fèrè yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò wá yọjú sẹ́nu ọ̀nà: "Sàlámù àlékúmù." Télọ̀ yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìyàwó mi ń kí. Èmi yóò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí n lè jí díẹ̀ gbọ́ nínú fèrè náà. Yóò tún un sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ ti kú, ilé tí ì bá padà sí lábúlé ti wó lulẹ̀. Síbẹ̀, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, n kò jẹ́ kó dé ẹ̀ẹ̀kẹta rí.