Mo Ná Tíkẹ́ẹ̀tì Rélùwéè Bí Ẹni Ná Iṣu

Kí n tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi: owó tíkẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́wọ́ mi. Ó wà ní báńkì, mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òṣì ló ṣe mí lọ́ṣẹ́, ọgbọ́n ni. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíì, mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni ọ̀yà ọ̀hún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Glasgow. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìntì, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Èmi wà ní Peckham ní London níbí, mo ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, láti Brockley títí dé Stockwell, ṣíìfù lórí ṣíìfù. Ojoojúmọ́ la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́yìn tí mo bá ti kírun Àsárì. Lọ́jọ́ kan, lóṣù tí àwọn ọmọ wọlé síléèwé, ó ní kí n jókòó kí òun sọ nǹkan fún mi. Mo ní mo ti jókòó. Irọ́ ni mo pa, orí ìdúró ni mo wà, mò ń ge ẹ̀fọ́.

“Dókítà ti sọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí,” ó ní. “Iyè mi ló ń lọ. Lánàá, àárín ọ̀nà ilé wa níbí ni mo dúró sí, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ mọ́. Wá wò mí. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́. Mo fẹ́ kí o dé nígbà tí mo ṣì mọ̀ ẹ́.”

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú síǹkì. Mo ní, “Àǹtí mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, mò ń bọ̀.” Mo sì fẹ́ lọ lóòótọ́. Ká ní mo lórí pípé ni, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, ló máa ń bá mi ra nǹkan lórí fóònù. Nígbà tó wo owó rélùwéè láti Euston dé Glasgow, ó ní ọgọ́rin pọ́n-ùn. Mo ní rárá, ṣé èmi nìkan ni mo fẹ́ wọ ọkọ̀ náà ni. Bọ́ọ̀sì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́sàn-án lórí ìjókòó kan, orúnkún tèmi kò ní jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ tí mo bá débẹ̀. Ọmọ mi ní kí n fara balẹ̀, pé àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá èèyàn ṣọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì, tó bá ti wálẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Ó fi mẹ́ta hàn mí pé kí n mú ọ̀kan. Àkọ́kọ́ á kàn sọ fún èèyàn lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ìkejì á máa kọ̀wé láràárọ̀ pé iye tòní rèé, iye tàná rèé. Ìyẹn ni ọmọ mi fẹ́ràn, ó ní gbogbo rẹ̀ á máa hàn sí mi. Mo ní ta ló fẹ́ máa ka lẹ́tà láràárọ̀ bí adájọ́. Ìkẹta ló wọ̀ mí lójú, torí pé òun ló bi mí léèrè pé, èló ni o fẹ́ san? Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n, èyí gbọ́ èdè ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ èdè ọjà. Mo tó ọmọ ọdún méje, ẹ̀gbọ́n mi tó méjìlá, nígbà tí ìyá wa rán wa lọ ra abọ́ tánganran ní Abẹ́òkúta. Obìnrin tó ń tà á dá iye kan lé e. Ẹ̀gbọ́n mi dá iye náà sí méjì, ó sọ ìdajì, ojú rẹ̀ kò tiẹ̀ yí. Obìnrin náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Mo fẹ́ wẹ̀yìn, ó fún ọwọ́ mi pọ̀. “Má wẹ̀yìn,” ó ní. “Rọra máa rìn. Ẹni tó bá dákẹ́, ó ń rò ó ni. Á pè wá.” A ò tíì kọjá ìsọ̀ mẹ́ta tí obìnrin náà fi ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ padà wá gbé e.” Abọ́ funfun ni, etí rẹ̀ búlúù. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá wa títí Ọlọ́run fi pè wọ́n, èmi ni mo wá wé e sínú ìró tí mo gbé e wá sí London.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo ń lò títí dòní. Kò sí ẹni tó ń ta iṣu lọ́jà Rye Lane ní Peckham níbí tí kò mọ̀ mí. Bí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á ní ìyọnu ti dé. Bí wọ́n bá pe mẹ́wàá, mo pe márùn-ún, mo kọjú sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí, wọ́n á pè mí padà ní méje.

Nítorí náà, nígbà tí fóònù bi mí pé èló, mo ní ogójì. Nínú ọkàn mi, mo lè san ọgọ́ta, kódà ọgọ́rin yẹn kò ní pa mí. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ iye inú rẹ̀ fún ọlọ́jà? Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ogójì yẹn kéré o. Ṣé iye tí ẹ fẹ́ san nìyẹn?” Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlú yìí ni mo bí i sí, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára ló mọ̀. Mo rò pé òun ni kò gbọ́n.

Mò ń retí kí wọ́n ránṣẹ́ pé ogójì kò gbà á, ẹ mú márùndínlọ́gọ́rin wá, kí n wá fi díẹ̀ lé tèmi. Fóònù dákẹ́. Lọ́sẹ̀ kìíní, mo ní wọ́n ń rò ó ni. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi, mo kẹ̀yìn sí i, mo ń lọ. Ọmọ mi fẹ́ yẹ owó náà wò, mo ní kó má dán an wò, pé tí a bá ń yọjú, wọ́n á mọ̀ pé ó ká wa lára, wọ́n á tún gbówó lé e. Ẹ wo wèrè ojúkojú.

Ẹ̀gbọ́n mi sì ń pè. Ó bi mí bóyá mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo ní mò ń ná an lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. “O ò gbàgbé ohun tí mo kọ́ ẹ,” ó ní. “Má wẹ̀yìn o.” Àwa méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ míì, ó bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé mi ò gbọ́ ti àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó fi orúkọ ìyá wa pè mí. Ṣùgbọ́n ó rántí, ó pe orúkọ tèmi, mo sì ní Àlùhámúdùlíláì, mo tún ń dúró de ọlọ́jà.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ọmọ rẹ̀ ló pè mí. Ó ní màmá òun ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n ti wà lọ́sìbítù láti ijẹ́ta, àìsàn kan ló wọ inú ìtọ̀ wọn, ó sì ti da orí wọn rú. Mo ní kí ló dé tí kò tètè sọ. Ó ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Ó wá ní, “Àǹtí, láti àná, wọn ò mọ̀ mí mọ́.”

Mo na fóònù sí ọmọ mi, mo ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀la, iyekíye tó bá jẹ́. Ó ti ń lọ sí àádọ́jọ pọ́n-ùn. Ó rà á. Lẹ́yìn náà ló wá lọ wo ibi tí wọ́n kọ iye àwọn ọ̀sẹ̀ tó kọjá sí, ó sì tún un wò lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kí ni. Ó ní, “Mọ́mì, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wà ní méjìléláàádọ́ta.”

“Kí ló wá dé tí wọn ò sọ fún mi?”

“Ẹ sọ pé ogójì lẹ fẹ́. Ogójì ni wọ́n ń dúró dè.”

Mo ní ṣé wọn ò lè pè mí padà ni, kí wọ́n ní ó gbà méjìléláàádọ́ta? Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. “Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Mọ́mì,” ó ní. “Ẹ̀rọ ni.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnì, mo sunkún débi pé ọmọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Pọ́n-ùn méjìlá ló wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ná ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí adìẹ gbígbẹ lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo.

Mo gbé abọ́ ìyá wa dání lọ sí Glasgow. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́sìbítù, ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó.” Ó ń kí mi bí àlejò, òun tó pọ̀n mí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀. Àìsàn ìtọ̀ náà lọ, wọ́n dá a padà sílé, ó ń jẹun, ó ń fara ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n fún un lọ́sìbítù rìn káàkiri pálọ̀, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ kò bá a padà. Dókítà ní ká má retí rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n máa bọ̀, mo gbé abọ́ náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ etí búlúù rẹ̀, dé ibi tó ti hó.

“Èló lẹ ń tà á?” ó bi mí.

“Àǹtí mi, èmi ni. Abọ́ ìyá wa ni. Ẹ̀yin lẹ rà á.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí oníbàárà tí kò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dídùn gbowó lọ́wọ́ òun. “Ẹ sáà sọ iye rẹ̀.”

Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Mo ní ogún náírà.

“Mẹ́wàá,” ó ní. Ojú rẹ̀ kò yí.

Mo dákẹ́. Ó wò mí díẹ̀. Ó wá di irin rẹ̀ mú, ó dìde, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Ó ń rọra rìn, kò wẹ̀yìn. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ dì í mú, mo nawọ́ dá a dúró. Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń dúró dè. Ní gbogbo ayé, èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

“Ẹ padà wá,” mo ní. “Ẹ wá gbé e. Mẹ́wàá gbà á.”

Ó dúró, ó yí padà, ojú rẹ̀ sì tàn gẹ́gẹ́ bó ṣe tàn lọ́jọ́ yẹn lọ́jà. Ó wá, ó fi irin rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé abọ́ náà mọ́ àyà. Ó wá na ọwọ́ kejì sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún méje máa ń wà, ó ń wá a kiri. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wojú mi.

“Àbúrò mi dà?” ó ní. “Àwa méjèèjì la jọ wá.”

Mo ní ó ń bọ̀.