Ẹnu Ọ̀nà tí Mo Ṣí fún Ohùn Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, nílé wa ní Òmù-Àrán, nígbà tí màmá mi gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá ohùn ìyá àwọn.

Ìyá àgbà ti kú ní Èsìẹ́. Láyé wọn, bí màmá mi bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, oríkì màmá mi ni wọ́n fi máa ń dáhùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti lọ, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe oríkì náà mọ́. Fídíò kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n ti pè é wà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ẹgbẹ́ mi, tó wà lókè òkun, nínú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni ilé iṣẹ́ náà máa gba kọ̀ǹpútà náà padà, tí wọ́n á sì nu gbogbo inú rẹ̀.

Fídíò náà wúwo ju ohun tí Wasáàpù lè gbé. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi yìí wá fẹnu kò sí ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tó ń gbé fáìlì láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, láìsí ibi ìpamọ́ kankan láàárín. Bí ẹ̀rọ kan bá kú, ọ̀nà dí nìyẹn. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò gba àlejò wọlé, nítorí náà tiwa ló gbọ́dọ̀ ṣí. Mo wọ inú ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì nílé wa, mo ṣí pọ́ọ̀tù kan, ìyẹn ẹnu ọ̀nà fún ohun tó ń bọ̀ láti ìta, mo ní kí ohunkóhun tó bá gbabẹ̀ wọlé máa lọ sí àdírẹ́sì tí ráútà fún kọ̀ǹpútà mi. Kò ṣiṣẹ́.

"Gbogbo ìwé tó o kà yìí," màmá mi ní, "wọn ò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn?"

"Màámi, ẹ jẹ́ n ronú."

"Máa rò ó. Ìyá mi ì bá ti fẹsẹ̀ rìn dé láti Èsìẹ́."

Ọjọ́bọ̀ ni mo tó rí i pé ètò ààbò inú kọ̀ǹpútà tèmi gan-an ló ń lé àlejò padà. Mo ní kó yọ̀ǹda pọ́ọ̀tù náà. Fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, díẹ̀díẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo lọ wáṣẹ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo bẹ màmá mi kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Wọn kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí iná alágbára ti jó fíríìjì wa, bí iná bá ti ń ṣẹ́jú, gbogbo wáyà tó wà lára ògiri ni wọ́n máa ń tú. Nígbà tí mo padà dé, fáìlì kò wọlé mọ́.

"Màámi, ṣé ẹ tú ráútà?"

"Mo tú gbogbo ẹ̀, mo sì dá a padà. Ṣé kí iná tún jó ohùn ìyá mi bó ṣe jó fíríìjì ni?"

Nígbà tí ráútà jí, ó fún kọ̀ǹpútà mi ní àdírẹ́sì mìíràn. Pọ́ọ̀tù tí mo ṣí ṣì kọjú sí ti àtijọ́, níbi tí kò sí ẹ̀rọ kankan mọ́.

Mo tún un ṣe, mo de àdírẹ́sì náà mọ́lẹ̀ kó má baà yí padà mọ́. Nǹkan bí ìdajì fáìlì ló ti wọlé, àmọ́ ègé tó fọ́n káàkiri ni. Kò ṣeé ṣí. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi lókè òkun. Ó ní wọ́n ti gba ẹ̀rọ náà. N kò lè sọ pé wáyà tí màmá mi tú ló fà á. N kò mọ wákàtí tí wọ́n gbà á, n kò sì mọ̀ bóyá ìyókù ì bá ti dé kí wọ́n tó gbà á. N kò mọ̀ bóyá wọ́n ti nù ún.

Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò ju èyí lọ: nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà, mo yẹ pọ́ọ̀tù wò, ó ṣí. Màmá mi ṣì jókòó sórí àga wọn. Iye ẹ̀rọ tó so mọ́ tiwa jẹ́ òdo.