Wáyà Tẹlifíṣọ̀n Lójú Fèrèsé Bàbá Mi

Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni ilé pákó wa tó wà lórí omi ní Molutehin ti dákẹ́ jù. Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Iye, ló kù níbẹ̀ láwọn nìkan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń bà mí lẹ́rù ju ìjì lọ. Ni mo bá ra tẹlifíṣọ̀n àti díìṣì, mo sì fi ọkọ̀ gbé wọn wálé pẹ̀lú ọkùnrin tó máa so wọ́n.

Díìṣì ti dúró lórí òpó, ó ku kí wáyà wọlé. Fèrèsé nìkan ló kọjú sí i, kò sì sí àlàfo tí abẹ́rẹ́ lè gbà lára rẹ̀. Bàbá mi ló fi pákó ọkọ̀ wọn àtijọ́ kàn án, wọ́n sì fi okùn àwọ̀n àti ọ̀dà dí ojú pákó gbogbo bí a ṣe ń dí ti ọkọ̀, kí atẹ́gùn òkun má baà wọlé. Bí ọkùnrin náà ṣe yọ ìlu tó fẹ́ fi dá ihò sí i, Iye dúró síwájú fèrèsé.

Ọmọ apẹja ni mí, mo mọ̀ pé a kì í fọwọ́ ara wa lu ihò sára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, pákó ọkọ̀ náà ti di fèrèsé.

Iye ní, "Ọkọ̀ tó tọ́ ọ dàgbà nìyí. O ò ní lù ú."

Inú bí mi. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó palẹ̀ mọ́, ẹni tó bá wù kó dá wà kó máa dá wà. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti bọ́ kí n tó mú un. Ojú tì mí gan-an.

Iye mú ọ̀bẹ ẹja, wọ́n ń fa okùn yọ lójú pákó kan, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ egungun ẹja fún ọmọ. Nígbà tí àlàfo tó, wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ fúnra wọn, wọ́n sì fi okùn tuntun àti ọ̀dà dí i padà. Oníṣẹ́ wa jókòó, ó ń wo Iye bí ẹni ń wo ọ̀gá rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ilé kún fún ariwo. Mo na ọwọ́ láti gba okùn gbígbó náà lọ́wọ́ Iye, kí n lè jù ú sómi. Iye di ọwọ́ wọn mọ́ ọn.

"Bàbá rẹ ló ki í síbẹ̀."

Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Mo jókòó tì wọ́n, mo ní kí wọ́n sọ fún mi bí bàbá mi ṣe kan fèrèsé náà.