Ohun Tí A Kò Kọ Sínú Ìwé Ìbéèrè Wa

Ọdún kẹta tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lásìkò tí iṣu tuntun ń jáde. Lọ́dọọdún nígbà náà, gbogbo àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gbọ́dọ̀ lọ fara han ìjọba kí wọ́n lè mọ̀ pé a ò tíì kú. Mo rí ọ̀gá mi àtijọ́, tí kò lè rìn mọ́, tí wọ́n fi ọ̀já dè mọ́ ẹ̀yìn ọlọ́kadà láti Ìrè. Inú bí mi gan-an. A ní a ò gbà mọ́.

A pàdé ní kíláàsì kan ní Ìlúpéjú láti kọ ìwé ìbéèrè wa sí ìjọba, pé kí wọ́n máa wá wo ẹni tí kò lè rìn nílé. Èmi ni akọ̀wé. Olùkọ́ yunifásítì kan ti ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń sanwó fún àgbà nílẹ̀ òkèèrè, mo sì ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ sí wọn létí. Orílẹ̀-èdè Chile, níbi tí ìjọba wa ti wo àwòṣe ètò owó ìfẹ̀yìntì tiwa, rí i pé àgbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kéré ń jìyà, ìjọba wọn sì fi kún un. Ní Lesotho, arúgbó kò ní láti ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí kó tó gbowó àgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àgbẹ̀ tó fi owó iṣu rán mi níléèwé, ló gbé iṣu sísè wá fún wa. Kò tètè jáde.

“Tíṣà, ṣé àgbẹ̀ wà ní Lesotho yẹn?”

“Wọ́n pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí lẹ wá kọ fún àgbẹ̀ sínú ìwé tiyín?”

Alága wa rẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ jẹ́ ká gba tiwa ná. Ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́.”

“Uṣẹ́ kọ́ ni mo ń ṣe láti àárọ̀?”

Mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sínú ìwé náà lọ. Alága wò mí, mo sì fi ìlà pa á rẹ́. Ojú ń tì mí di òní.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi jókòó nínú òjò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n gbà. Láti ìgbà náà, òṣìṣẹ́ wọn ló ń wá bá ẹni tí ara rẹ̀ kò le nílé. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré, n ò sì ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ti àgbẹ̀ ló ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ń dùn mí báyìí, ilé ni wọ́n ti ń wá wò mí. Ẹni tó wá kẹ́yìn bá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìnkùlé, ó ń ro ìdí ẹ̀gẹ́. Òṣìṣẹ́ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ní, “Màmá, kí ni nọ́ńbà ìfẹ̀yìntì yín?”

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ọkọ́ sílẹ̀. “Mi ò ní. Àbúrò mi lẹ wá wò bóyá ó wà láàyè. Kò sẹ́ni tó bèèrè tèmi rí.”

Mo tọwọ́ bọ̀wé pé mo wà láàyè. N ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi.