Kóòtù tí Bàbá Mi Kò Wọ̀ Rí

Jẹ́sì bọ́ọ̀lù tí mo fi ránṣẹ́ láti Èkó ni bàbá mi fi ń roko lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ kan wà gàdàgbà láyà rẹ̀. Díákónì ni wọ́n, wọn kì í ta tẹ́tẹ́. Wọ́n kàn fẹ́ràn bí aṣọ náà ṣe ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé ni.

Nígbà tí wọ́n jáde láyé, fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ní, jẹ́sì yẹn ló sì wà lọ́rùn wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ní àwọn ò fẹ́ tẹ́tẹ́ lára pósítà ìsìnkú. Ni oníkọ̀ǹpútà bá gé orí bàbá mi, ó gbé e lé ọrùn ọkùnrin kan tó wọ kóòtù.

Inú ṣì ń bí mi sí ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà. Ó ń sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù kí wọ́n tó gbé orúkọ rẹ̀ sáyà. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni bàbá mi gbé e kiri.

Fóònù tí fọ́tò náà wà nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Pósítà nìkan ló kù, lára ògiri wa n'Ílá. Àbúrò mi dé láti ìlú òyìnbó, ó wò ó títí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, èjìká ta nìyí?”